Àpótí Tó Dá Wọ Ọkọ̀

Àpótí náà jókòó láàárín ọkọ̀ Olówòkéré bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń sìn lọ ilé ọkọ, akèrègbè kéékèèké so mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Gbogbo ohun tó bá gúnlẹ̀ sí Awoye, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo ń ṣe. Jọọlá ni orúkọ mi. Mo ní ilé àlejò kan létí òkun, ilé pákó tó dúró lórí òpó, níbi tí àwọn akọ̀wé ìjọba láti Oǹdó àti Òkìtìpupa ti máa ń wá gba afẹ́fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi àti aláǹgbá ló kù. Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó, wọ́n wà ní Sàpẹ́lẹ́, wọ́n wà níbi tí ìròyìn wọn kì í tètè dé. Ọmọ-ọmọ mi pọ̀ débi pé mo máa ń ṣi orúkọ wọn pè, àmọ́ kò sí ọ̀kan nítòsí tí mo lè ṣi orúkọ rẹ̀ pè sí i létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé ìdí mi tó tóbi yìí kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn èbúté láti àárọ̀, tí mo ń wo ọkọ̀. Àtẹ̀gùn náà ti gba ìrísí ìdí mi. Ẹlòmíràn kò lè jókòó síbẹ̀ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́.

"Olówòkéré, ta ló ni àpótí?"

"Sàrátù, ọmọ Bàdírátù."

"Sàrátù tó wà ní Góòlùkósì? Òun náà dà?"

Olówòkéré bojú wẹ̀yìn, àfi bí ẹni tó rò pé obìnrin náà ń wọ́ omi bọ̀. "Wọ́n ní ó ń bọ̀."

"Ta ló ní ó ń bọ̀?"

"Aláàárù tó gbé e sínú ọkọ̀ mi ní Igbókòdá. Ó ní, 'Ẹ gbé e fún ìyá, Ìyè Bàdírátù, ní Awoye, Sàrátù ọmọ rẹ̀ ló ni ín, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀.' Mo rí obìnrin kan tó dúró lókè èbúté. Mo ké sí i pé kó máa bọ̀, omi ti ń fà. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, n kò rí i mọ́. Mo rò pé ó ti bá àwọn obìnrin wọ ọkọ̀ kejì."

Ọkọ̀ kejì dé ní ìrọ̀lẹ́. Sàrátù kò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, ọkọ̀ ń ṣí, a kò rí Sàrátù. Mo lọ wo àpótí náà dáadáa, mo rí ohun pupa kan tó gbẹ mọ́ ẹnu ìdérí rẹ̀. Mo bá fi ohùn tí Ọlọ́run fún mi kígbe:

"Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ rè é o!"

Ẹ wo ohun tí ẹnu mi fà. Àwọn ọ̀dọ́ di Olówòkéré mú, wọ́n ránṣẹ́ sí kọ́púrà ọlọ́pàá tó wà ní Òde Ugbò. Olúrẹ̀mí ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tó ga tó sì ń kánjú. Ó dé, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Olówòkéré lọ́wọ́. Olówòkéré yìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn mi ní ìrọ̀lẹ́, tó máa ń gba ife ògógóró kan lọ́wọ́ mi, tí a ó sì jọ bú ara wa títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣùgbọ́n ti Bàdírátù ló burú jù. Bàdírátù ti wà lórí ẹní láti ìgbà òjò, ara rẹ̀ ń yọ́ bí ọṣẹ. Òun ló ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá, kí ojú wọn rí ojú kí òun tó lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí wọlé tí ọmọ kò tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Omi ti gba ìkẹta," ó sì kọ oúnjẹ. Mo gbé púpurù àti ọbẹ̀ ẹja lọ, ó kọ̀ ọ́. Mo po ẹ̀kọ, ó kọ̀ ọ́. Ara tó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹun, kí ló kù? Bí Sàrátù bá wà láàyè, àfi kí a tètè mú un wá kí ìyá rẹ̀ tó lọ.

Mo so ìró mi le, ó di ilé Gàfárù.

*

Ọmọ Awoye ni Gàfárù. Ó ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Èkó títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ló padà wálé. Ó ń dá gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọ̀n tí Gàfárù bá tún ṣe, ẹja máa ń gbà á kọjá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá purọ́ níwájú rẹ̀, irọ́ náà kì í rí ihò jáde.

Ó ní kí wọ́n gbé àpótí jáde sí gbangba, ó yí i ká, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ dà?"

"Òun nìyí. Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Ó fi itọ́ rẹ ìka, ó fi ra ohun pupa náà, ó nà án sí mi. "Ẹ tọ́ ọ wò."

"Kí èmi tọ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é ní ẹ̀jẹ̀."

Mo di ojú, mo fi ahọ́n kàn án. Ó ń rún láàárín ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù fún mi.

"Erùpẹ̀ ni," mo ní.

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó lá ilẹ̀ ní gbangba, bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ló máa sun.

"Erùpẹ̀ ojú ọ̀nà Oǹdó," Gàfárù ní. "Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, tó fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀nà méjì ló ní. Ó lè wọ takisí lọ sí Èbúté Èrò, kó bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kó gba ojú ọ̀sà kọjá Èpè, kó na ẹsẹ̀ kó sùn títí dé Màhìn. Ó sì lè wọ lọ́rì, kó gba Ìbàdàn, kó gba Oǹdó, kó gba Òkìtìpupa, kí egungun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kó tó rí Igbókòdá. Ọ̀nà omi kò ní erùpẹ̀ pupa. Lọ́rì ni Sàrátù wọ̀."

"Ọ̀gá," kọ́púrà Olúrẹ̀mí ní, "ó wọ lọ́rì dé Igbókòdá, ó wọ ọkọ̀ bàbá yìí, bàbá yìí sì pa á. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Akèrègbè wọ̀nyí ló ṣòro. Àwọ̀n la máa ń so akèrègbè mọ́ kó má baà rì. Ta ló ń so ó mọ́ àpótí?"

"Bàbá yìí ló so ó! Ó fẹ́ ju àpótí sínú omi láàárín igi ẹ̀gbà tó wà létí ọ̀nà omi, kó padà wá gbé e nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀."

"Ó wá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá ẹni tó pa?"

Olówòkéré gbé ọwọ́ tó wà nínú irin sókè. "Ẹ bá mi bi í. Olè tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa pẹ́ láyé tó èmi yìí?"

Gàfárù ń wo okùn tí wọ́n fi so akèrègbè náà. "Ẹni tó so èyí kì í ṣe atukọ̀. Ẹ wò ó, ó ta kókó lé kókó lé kókó. Kò gbà pé kókó kan lè mú akèrègbè dúró."

*

Kí ó tó parí ìrònú rẹ̀, èmi ti mú apànìyàn.

Àlejò kan ṣoṣo ló wà nílé mi ní ọ̀sẹ̀ náà, Kọ́lájọ, aránṣọ, ọkùnrin tín-ín-rín tí dókítà ní kó wá gba afẹ́fẹ́ òkun nítorí ikọ́. Ó ti sọ fún mi pé Góòlùkósì lòun ti ń bọ̀, pé ọkọ̀ òfuurufú lòun bá dé Ìkẹjà. Èèyàn mélòó ló ń ti ojú ọ̀run wá sí Awoye? Mo dúró títí ó fi lọ wẹ̀, mo tú ẹrù rẹ̀. Ìborùn obìnrin ni mo rí, ó ká a mọ́ ìsàlẹ̀ àpò.

Mo jẹ́ kó wọ yàrá. Mo fa ilẹ̀kùn padé láti ìta. N kò rí igi fi dábùú rẹ̀, ni mo bá jókòó, mo fi ìdí dí i. Kọ́lájọ ń tì í láti inú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń húkọ́, ilẹ̀kùn kò mira. Ohun tí ìdí mi bá dí, ó dí nìyẹn.

"Màmá, ẹ dìde," Gàfárù ní nígbà tó dé.

"Mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá ná."

"Ẹ dìde kí n lè wọlé bá a sọ̀rọ̀."

Wọ́n fà mí dìde. Gàfárù na ìborùn náà sí aránṣọ. "Ta ló ni ín?"

Òógùn bo Kọ́lájọ. "Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ òfuurufú ni. Sàrátù ló pe ara rẹ̀. Ó bì sí mi láṣọ, ojú tì í, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ kí n fi nu ara. Mo ní màá fọ̀ ọ́, màá dá a padà fún un, nítorí ó ní Awoye nilé ìyá òun. Mo dé ibí, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá a, mo sì rí bí màmá yìí ṣe ń wò mí bí ẹja tó fẹ́ gbé sórí iná. Ẹ̀rù bà mí, mo fi í pamọ́."

"Ìgbà wo ló bì? Nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra?"

"Rárá o, ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí a wà lókè réré, tí ọkàn èmi ọkùnrin ń já, ẹ̀pà ló ń jẹ. Ìgbà tí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ọ̀sà Èkó, tó wo ìsàlẹ̀, ìgbà náà ló gbá mi lápá mú." Ó ká apá ẹ̀wù sókè. Ojú èékánná ṣì wà níbẹ̀.

"Nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ká jọ wọ takisí lọ sí Èbúté Èrò, ká lọ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ó kọ̀. Awakọ̀ takisí náà bá a sọ̀rọ̀, ó ní ìyà lọ́rì pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ohun kan péré ló béèrè."

"Kí ni?"

"Ó ní, 'Ibo ni lọ́rì lè gbé mi dé kí ilẹ̀ tó tán?'"

Gàfárù tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Kí ilẹ̀ tó tán." Ó ká ìborùn náà, ó fi í sí àpò.

"Ṣé òun kọ́ ni?" mo béèrè.

"Màmá, ẹ bẹ aránṣọ yìí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbà, kí n ṣáà máa kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Mo ní ilẹ̀kùn ilé mi ni. A rẹ́rìn-ín, ó húkọ́, ó parí síbẹ̀.

*

Ilé Bàdírátù ṣókùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti gbé àpótí padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Oúnjẹ tí mo gbé wá láàárọ̀ wà níbi tí mo gbé e sí, eṣinṣin ti jogún rẹ̀. Gàfárù bọ́ bàtà, ó lóṣòó tì í.

"Ìyè, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní omi ti gba ìkẹta. Ta ni àwọn méjì tó ṣáájú?"

"O mọ̀ wọ́n. Bàbá Sàrátù, àti Sùlèímánì ọmọ mi ọkùnrin. Ìgbì ló dojú ọkọ̀ dé."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo Awoye ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀, nítorí ta ni omi kò gba èèyàn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ó gba ọkọ tèmi. Mo bú u, mo ṣépè fún un, mo sì padà lọ wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ibo ni mo tún fẹ́ lọ wẹ̀? Òun ni ọ̀nà wa, òun ni oko wa. Ẹni tó bá bínú sí omi ní Awoye, ebi ló máa pa á.

Gàfárù rọra béèrè, "Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyè?"

Bàdírátù fọwọ́ ra akèrègbè kan lára àpótí. Mo ń gbọ́ ìró òkun lẹ́yìn ilé.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Sàrátù. Ọmọdé ni. Àwọn tó yọ ọ́ ní ó di akèrègbè àwọ̀n mọ́yà, wọn kò lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gbé e wá bá mi, ara rẹ̀ rin gbindin, omi ń kán láti irun rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Kò sunkún. N kò bi í léèrè ohun tó rí. Mo ń sunkún ọkọ, mo ń sunkún ọmọkùnrin, n kò bi èyí tó kù léèrè ohunkóhun. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní òun á mú un lọ sí Góòlùkósì. Ojú oorun ni wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà kò padà wá rí. Ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, ó ń fi oògùn ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í wá. Mo ti gbà pé ó kórìíra mi ni."

"Ìyè," Gàfárù ní, "ẹ má tíì kú. Ẹ dúró dè mí."

Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n Bàdírátù yí ojú sí i, ó ṣẹ́jú, bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́.

*

Ní èbúté, Gàfárù ní kí gbogbo wa máa bọ̀ ní Igbókòdá.

"Ká lọ wá òkú?" kọ́púrà béèrè.

"Ká lọ wá ẹni tí kò wọ ọkọ̀."

"Ta ló máa tu wá?"

A wo ara wa. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sójú ẹja. Atukọ̀ kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ ló wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kọ́púrà Olúrẹ̀mí họ orí, ó họ ọrùn, níkẹyìn ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Bí a ṣe lọ nìyẹn o: ẹlẹ́wọ̀n ń tu ọkọ̀, ọlọ́pàá jókòó níwájú rẹ̀ bí ìyàwó ilé. Olówòkéré ń fi àjẹ̀ ta omi sí i lára nígbà gbogbo, ó ń ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí."

Igi ẹ̀gbà dúró ní apá ọ̀tún, ó dúró ní apá òsì, gbòǹgbò wọn tẹ̀ sómi bí ẹsẹ̀ akàn. A kò pàdé ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà yẹn máa ń mú kí ènìyàn rántí gbogbo ẹni tó ti gba ibẹ̀ lọ tí kò bọ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ orin kan, orin tí kò yẹ kí ìyá àgbà máa kọ níwájú ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbè é, mo bá jẹ́ kó kú lẹ́nu mi.

"Ẹ gbọ́ mi," Gàfárù ní. "Ta ló ń gba ojú ọ̀run wá láti Góòlùkósì? Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń bá wálé. Obìnrin yìí gba òkè. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí àìsàn ìyá rẹ̀ ló ṣe ń kánjú. Ṣùgbọ́n ó dé Ìkẹjà, wọ́n fi ọ̀nà tó yá hàn án, ó kọ̀ ọ́, ó mú èyí tó pẹ́, tó sì ni ín lára. Ẹni tó ń kánjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni ọ̀nà méjèèjì tó yàn fi jọra?"

"Kò sí omi níbẹ̀," Olówòkéré ní láti ẹ̀yìn.

"Kò sí omi níbẹ̀. Ó dé Igbókòdá, ilẹ̀ tán. Ó ra akèrègbè lọ́jà, ó so wọ́n mọ́ àpótí, ó fi í ṣáájú, ó ní òun ń bọ̀. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ máa bọ̀."

Kọ́púrà ní, "Ṣùgbọ́n mo béèrè ní Igbókòdá. Mo bi gbogbo atukọ̀ tó wà níbẹ̀."

"Kí lo bi wọ́n?"

"Mo bi wọ́n pé ọkọ̀ ta ló wọ̀."

"Ohun tí gbogbo wa béèrè nìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá. Lójú tiwa, ẹni tó ti dé èbúté ti délé, ó ku kó jókòó sínú ọkọ̀. A wá a nínú omi, a wá a lábẹ́ omi, a wá a nínú ẹ̀jẹ̀ tí màmá lá. Kò sí ẹni tó bojú wo orí ilẹ̀."

Mo bu omi ta á lára nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn.

*

Ní Igbókòdá, Gàfárù kò wo ojú atukọ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta púpurù lókè èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí lọ́rì ń dúró sí, ló lọ tààrà.

"Ìyá, ẹ kú ọjà. Ṣé obìnrin kan wà tó ń wá síbí tí kì í wọ ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni èèyàn rẹ̀?" Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n á ní kó wọlé. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò tún gbé e padà. Àwọn kan ní ó ń ya wèrè. Èmi ní, wèrè kì í kí ènìyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilé yẹn."

Ó jókòó sórí òkúta, ó kẹ̀yìn sómi. Obìnrin tó ti tó àádọ́rin? Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: kò tíì darúgbó, ìjókòó rẹ̀ ló darúgbó. Gàfárù na ìborùn sí i. Ó wò ó, ó wò wá.

"Ìyè mi ti kú?"

"Kò tíì kú," mo ní. "Ṣùgbọ́n ó rò pé ìwọ ti kú. Kò jẹun láti ìgbà tí àpótí ti dé láìsí ìwọ."

Ó fi ìborùn náà bojú. "Mo rò pé bí àpótí bá ti lọ, á di dandan kí n tẹ̀ lé e. Mo ń dé etí omi, ẹsẹ̀ mi ń kọ̀. Ta ni màá sọ fún? Kí n dúró láàárín Ìlàjẹ kí n ní omi ń bà mí lẹ́rù? Àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá ń sùn nínú ọkọ̀."

Kọ́púrà Olúrẹ̀mí ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ó yíjú sí Olówòkéré, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bínú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti di òmìnira." Olówòkéré ní òun á bínú tó bí òun bá ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn wa, awakọ̀ lọ́rì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Oǹdó! Ìbàdàn! Ó ku ẹyọ kan!"

Gàfárù lóṣòó síwájú obìnrin náà bó ṣe lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀. "Sàrátù, ẹjọ́ ti parí. Kò sí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè ẹ̀bi, ìwọ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́rì ló ń pè yẹn. Bí o bá wọ̀ ọ́, màá sọ fún Ìyè pé mo fojú rí ọ, pé o wà láàyè. Kò sí ẹni tó máa bú ọ. Ọkọ̀ Olówòkéré sì nìyẹn. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o wọ̀."

Ó wo lọ́rì. Ó wò ó pẹ́, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé bí ó bá lọ, n kò ní lè dá a lẹ́bi, n kò sì ní lè wọ ilé Bàdírátù. Awakọ̀ tún ké. Ẹnì kan sáré gòkè, àyè náà kún, lọ́rì lọ, erùpẹ̀ bò wá.

Sàrátù dìde. Ó rìn dé etí omi. Ó dúró.

Olówòkéré di ọkọ̀ mú ṣinṣin. "Wọlé, ọmọ mi. Wọ́n ti ní mo pa ọ́ tẹ́lẹ̀. N kò ní jẹ́ kó di òótọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún ní àárín ọ̀nà. Èmi ti wọlé ní tèmi, mo tẹ́ ẹsẹ̀, mo na apá. "Wá jókòó sórí itan mi. Ohun tó wà lára mi yìí kì í rì. Ọkọ̀ ti dà mí sómi rí, ọkọ̀ ló lọ sísàlẹ̀, èmi ni mo léfòó. Gàfárù, o ń rẹ́rìn-ín? Wá jókòó sí itan kejì."

Bó ṣe wá nìyẹn, obìnrin tó ti lọ́kọ tó ti bímọ, lórí itan mi bí ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀ nínú àyà mi, èékánná rẹ̀ nínú ẹran ẹ̀yìn mi. Ara aránṣọ yẹn ti jìyà o. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá mì, ó ń béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ wà nítòsí?" Èmi a ní, "Ó wà," bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí. Ó pẹ́ gan-an tí ènìyàn ti sùn mọ́ mi láyà bẹ́ẹ̀. N kò jẹ́ kó mọ̀ pé bí Olówòkéré bá fẹ́ rọra tu ọkọ̀ náà, kò ní dùn mí.

*

Ìrọ̀lẹ́ la gúnlẹ̀. Gàfárù àti kọ́púrà dúró níta. Èmi ni mo di apá Sàrátù mú wọlé.

Bàdírátù ti gbọ́ ohùn wa. Ó ti fi ìgúnpá gbé ara sókè díẹ̀, ibi tí ó ti rí agbára yẹn n kò mọ̀. Ọmọ kúnlẹ̀. Wọn kò dì mọ́ ara wọn. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

"Kí lo wọ̀ wá?" Bàdírátù béèrè, ohùn rẹ̀ bí ewé gbígbẹ.

"Ọkọ̀ ni, Ìyè."

"Orí omi?"

"Orí omi ni."

Bàdírátù na ọwọ́. Ó fọwọ́ kan etí ìró ọmọ rẹ̀, ó fún un láàárín ìka bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó wá inú irun rẹ̀ títí dé ìpakọ́, ó wá a, ó tún un wá.

"Ó gbẹ," ó ní. "Jọọlá, wá wò ó. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbẹ."

Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ náà léèrè ohun tó rí lọ́jọ́ tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Sàrátù la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Mo bu púpurù sí àwo kan, mo bu ọbẹ̀ sí i, mo gbé e sí àárín àwọn méjèèjì. Bàdírátù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá oúnjẹ láìwò ó. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni, kò kan ìyá àgbà kankan. Mo jáde, mo sì rọra fa ilẹ̀kùn náà padé láti ìta.